Ẹnu Mi Ni Mo Kọ́kọ́ Tún Ṣe: Ìrírí Mi Nídìí Àtẹ Àdìrẹ l'Óṣogbo

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta àdìrẹ ní ọdún 2014, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí kò jìnnà sí Ọjà Ọba l'Óṣogbo, ọdún mẹ́rin gbáko ni mo sì fi ń wá ẹni tí mo máa di ẹ̀bi ọjà tí kò tà rù. Lákọ̀ọ́kọ́, mo ní ibi tí ṣọ́ọ̀bù náà wà ni kò dára, nítorí pé ó fara pamọ́ sẹ́yìn ilé ìtajà oògùn kan. Nígbà tó yá, mo ní kò sí owó nílùú. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta irú ọjà mi ní òdìkejì títì, tí èrò kì í dá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, mo wọ́n omi àdúrà sẹ́nu ọ̀nà, mo sì yí tábìlì mi padà kí ó lè kọjú sí ìlà-oòrùn nítorí pé ẹnìkan ní ibẹ̀ ni ajé máa ń gbà wọlé. Ajé kò gba ibẹ̀ wọlé. Ó ń dé ẹnu ọ̀nà mi lójoojúmọ́, èmi ni mo ń fi ẹnu ara mi lé e padà, n kò sì mọ̀.

Ẹni tí kì í ṣe ará ìlú yìí lè má mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dùn mí tó. Òṣogbo, ìlú aró, ni à ń kì í. Àwọn àgbà a máa sọ pé nígbà tí àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbí gé igi lulẹ̀ sínú odò, ìkòkò aró Ọ̀ṣun ni igi náà fọ́, tí òrìṣà sì figbe ta láti inú omi. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, kí ènìyàn jókòó ti àdìrẹ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ó má rí owó ọbẹ̀ mú relé, ó dà bí ẹni tó ń gbé etí odò tó ń fi itọ́ fọwọ́.

Àbúrò mi obìnrin ló là mí lójú. Ọdún 2018 ni, ó wà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nígbà náà, ó sì wá bá mi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù nígbà ìsinmi. Ní ọjọ́ Ajé, ó fa ìlà sínú ìwé ẹlẹ́wé ọgọ́ta kan, ó sì ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ lóòrèkóòrè. Mo rò pé iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀ ni, n kò sì bi í. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn tí a ti palẹ̀ ọjà mọ́, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o, ẹ jẹ́ kí n ka nǹkan kan fún yín." Ènìyàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló wọlé láàárín ọjọ́ mẹ́fà yẹn. Àwọn méje ló ra nǹkan. Ó ti kọ aago tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọlé, ohun tó béèrè, ohun tí mo fi dá a lóhùn, àti ohun tó ṣe lẹ́yìn tí mo dáhùn tán.

Ohun tí mo fi dá wọn lóhùn ni mi ò lè gbọ́ tán. Ó ka ti ọjọ́ Rú, nǹkan bí aago mọ́kànlá: obìnrin kan wọlé, ó fọwọ́ pa etí àdìrẹ kan tí à ń pe bátànì rẹ̀ ní Ìbàdàndùn, ó béèrè pé eélòó ni. Èmi kò dìde. Mo ní, "Èyí tó wọ́n nìyẹn o, màmá, ẹ wo ti ìsàlẹ̀." Mo rántí obìnrin náà dáadáa. Mo rántí pé ó ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára aṣọ náà wẹ́rẹ́, bí ẹni tí iná fẹ́ jó, ó kí mi pé "Ẹ kú ọjà o," ó sì jáde. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ lẹ́yìn náà tí mo rí i tó ń jáde láti ṣọ́ọ̀bù òdìkejì pẹ̀lú ọ̀rá dúdú méjì tó kún. Lójú ẹsẹ̀ náà, mo sọ fún àbúrò mi pé àwọn tó ń rà lọ́hùn-ún kò mọ ọjà gidi. Ìyẹn náà, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó tún ka ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ fi ₦2,500 ra aṣọ tí mo pè ní ₦7,000, tí mo sì ní kó lọ ra òkìrìkà. Ó ka ìyàwó ilé kan tó ń ronú láàárín àwọ̀ méjì, tí mo sọ fún pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Nínú àwọn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí kò rajà, àwọn márùndínlógún ló jáde ní kété tí mo lanu sọ̀rọ̀. Mo bínú sí ọmọ náà fún ọjọ́ méjì. Mo ní ó wá ṣe amí mi ni. Ní ọjọ́ kẹta, mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní èmi nìkan, mo sì rí i pé bí ẹnìkan bá bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà á jáde. Àwọn baba wa kúkú ti sọ pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń yọ ọfà nínú apó, tí mo sì ń bi Ọlọ́run pé níbo ni obì wà.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan nípa àwọn ìpàdé ìṣírí tí wọ́n máa ń ṣe ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, nítorí pé ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ sá lọ. Mo san ₦5,000. Ọkùnrin tó ń bá wa sọ̀rọ̀ wọ kóòtù dáadáa, ó sì ní kí gbogbo wa dìde, kí a pariwo pé "Olówó ni mí" lẹ́ẹ̀méje. A pariwo títí ohùn mi fi há. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, oníbàárà tó kọ́kọ́ wọlé bi mí bóyá aró aṣọ náà kò ní máa jáde sára aṣọ mìíràn bí ó bá fọ̀ ọ́, n kò sì mọ̀ ọ́n. Olówó ni mí, ṣùgbọ́n n kò mọ ọjà tí mò ń tà. Ó lè ṣe àwọn ẹlòmíràn láǹfààní o. Ní tèmi, ariwo tí mo pa níbẹ̀ kò dé ṣọ́ọ̀bù.

Ẹnu mi ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Mo mọ̀ pé bí mo bá kàn pinnu láti dákẹ́, ìpinnu náà kò ní pẹ́ ọjọ́ kan, nítorí náà mo ra orógbó. Nígbàkígbà tí ẹnìkan bá ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń gé ọ̀kan jẹ, mo sì máa ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú sùúrù. Ẹni tó bá ti jẹ orógbó mọ̀ pé ènìyàn kì í fi ìkánjú sọ̀rọ̀ tí kíkorò rẹ̀ bá wà lẹ́nu. Kí n tó gbé e mì, oníbàárà á ti wo aṣọ mẹ́ta sí mẹ́rin, á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń sọ̀rọ̀ tó tí ẹ bá fún wọn láàyè. Ẹnìkan á ní ìyá ọkọ òun ló ń ṣe ìsìnkú. Ẹlòmíràn á ní ọmọ òun fẹ́ gbàwé ẹ̀rí, òun kò sì fẹ́ wọ léèsì. Láti inú ọ̀rọ̀ wọn ni mo ti ń mọ aṣọ tí mo máa nà síwájú wọn. Mo jẹ orógbó fún nǹkan bí oṣù márùn-ún kí dídákẹ́ tó di ara mi, àwọn aládùúgbò sì rò pé ikọ́ ló ń ṣe mí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ kọ́ nípa ọjà mi. Mo ti ń ra àdìrẹ ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta láti ọjọ́ tó ti pẹ́, mo ń kó o wá sí ìlú aró láti tà, n kò sì tíì jókòó rí ní ìdí aró nínú ìlú tí mò ń gbé. Mo lọ bá ìyá àgbàlagbà kan tó jogún iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Mo kí i pé "Àrẹdú o," bí wọ́n ṣe ń kí àwọn aláró, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti pẹ́ tí irú èmi ti kí òun bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mẹ́jọ ni mo fi jókòó tì í. Ó fi ewé ẹ̀lú tí wọ́n gún tí wọ́n sì sù ní róbótó hàn mí, ó fi bí wọ́n ṣe ń sẹ́ omi eérú hàn mí, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń fi láfún ro ẹ̀kọ tí wọ́n máa ń fi ìyẹ́ adìẹ yà sára aṣọ funfun hàn mí, kí aró má bàa ràn níbi tí ẹ̀kọ náà bá wà. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ìgbà tí ó ní kí n fọwọ́ ara mi fa aṣọ jáde láti inú ìkòkò. Aṣọ náà jáde pẹ̀lú àwọ̀ tó dà bí ewé tútù tó fẹ́ pọ́n. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́. Ìyá náà ní kí n dúró. Lójú mi báyìí, bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ lù ú, ewé tútù náà ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀ láti etí wá sí àárín títí ó fi di aró.

Mo mú ohun tí mo rí lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ẹnìkan bá wá bi mí ìdí tí ti ọwọ́ ṣe wọ́n ju èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ lọ, n kì í bú ti ẹ̀rọ mọ́. Mo máa ń yí aṣọ méjèèjì sódì fún un. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ojú kan ni wọ́n ya ẹ̀kọ sí, nítorí náà aró máa ń ràn dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ sábà máa ń ṣì lẹ́yìn, àwọn àwòrán rẹ̀ sì máa ń jọra wọn bí ìbejì, kò ní sí èyí tí ọwọ́ yà wọ́ díẹ̀. Mo máa ń sọ òtítọ́ pé aró tuntun lè jáde díẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, pé kí wọ́n dá a fọ̀ nínú omi tútù, kí wọ́n sì sá a sí ìbòòji. Ẹ̀rù máa ń bà mí tẹ́lẹ̀ pé bí mo bá sọ àbùkù ọjà, wọn kò ní rà á. Òdìkejì rẹ̀ ni mo rí. Ní oṣù Ògún, tí àwọn àlejò bá wá fún ọdún Ọ̀ṣun, tí wọ́n sì ń ti Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005 bọ̀, àwọn ni wọ́n máa ń béèrè ìbéèrè tó jinlẹ̀ jù. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sá fún wọn. Nísinsin yìí, àwọn ni mò ń retí.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni n kò bá fẹ́ sọ, nítorí pé ó ń tì mí lójú, ṣùgbọ́n láìsí i, gbogbo ohun tí mo sọ sókè wọ̀nyí, asán ni ì bá jẹ́. Nígbà náà, mo máa ń ra ọ̀pá márùn-ún ní ₦5,000, mo sì máa ń tà á ní ₦5,800. Lójú mi, mo jèrè ₦800. Àbúrò mi ní kí a jókòó. Tí mo bá lọ kó ogún aṣọ wá l'Abẹ́òkúta, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ₦4,400, ìyẹn ₦220 lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan. Owó ẹrù jẹ́ ₦30 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀rá jẹ́ ₦20. Mò ń san ₦72,000 lọ́dún fún ṣọ́ọ̀bù, nǹkan bí ọgbọ̀n aṣọ ni mo sì ń tà lóṣù, nítorí náà aṣọ kọ̀ọ̀kan ru ₦200 nínú owó ilé. A wá kan èyí tó burú jù: ẹ̀dínwó. Mo máa ń yọ nǹkan bí ₦300 kúrò lórí aṣọ kan, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo sì máa ń yọ ọ́ kí oníbàárà tó béèrè, nítorí pé ẹ̀rù ń bà mí pé ó fẹ́ lọ. Àánú ni mo ń pe ìbẹ̀rù náà. Àbúrò mi ṣe àròpọ̀ rẹ̀, ó jẹ́ ₦770. Èrè mi lórí aṣọ kan jẹ́ ọgbọ̀n náírà, a kò sì tíì ka ìrẹsì tí mò ń rà jẹ lọ́sàn-án.

Ṣé ẹ wá rí i, obìnrin tó ń lé oníbàárà fi ìgbéraga náà ni obìnrin tó ń fi ojo yọwó fún àwọn tó kù. N kò mọ̀ pé ìwà méjèèjì lè gbé inú ènìyàn kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ náà, n kò yọwó mọ́ àyàfi tí oníbàárà bá ná an, mo sì kọ́ láti máa nájà pẹ̀lú ẹ̀rín. Bí ẹnìkan bá pe ₦7,000 ní ₦2,500, mo máa ń ní, "Màmá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kí mi ni, ẹ wá nájà," a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Èmi àti àwọn ọlọ́jà mẹ́ta mìíràn sì ń rán ẹnìkan lọ sí Ìtòkú nígbà kọ̀ọ̀kan, kí owó ọkọ̀ lè fúyẹ́ lórí wa.

Àwìn ni ìjàkadì tó gùn jù. Láàárín 2015 sí 2018, tí owó oṣù kì í pé lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, mo tàwìn fún àwọn ènìyàn tí mo mọ̀ pé wọn kò ní rí owó san, nítorí pé n kò ní ẹnu láti sọ pé rárá. Owó mi tó wà níta fi díẹ̀ kọjá ₦180,000. Mo ti lẹ ìwé "Kò sí àwìn lónìí, ẹ wá lọ́la" mọ́ ara ògiri, àwọn ènìyàn sì máa ń kà á sókè, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gba àwìn lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Ohun tí mo ṣe lè pa yín lẹ́rìn-ín. Mo máa ń dúró síwájú dígí nílé, mo sì máa ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín gidigidi, àmọ́ n kò lè ṣe é báyìí. Ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ kí aṣọ náà wà lọ́dọ̀ mi, ọjọ́ tí owó bá pé, ẹ wá gbé e." Nígbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún oníbàárà gidi, ohùn mi gbọ̀n. Obìnrin náà wò mí, ó tú kókó etí aṣọ rẹ̀, ó mú ₦1,000 jáde, ó ní kí n kọ orúkọ òun sílẹ̀. Ẹlòmíràn bínú, kò sì padà wá mọ́ títí di òní. Èyí tó jẹ mí ní ₦14,000 tẹ́lẹ̀ ni.

Mo tún ní láti kọ́ bí mo ṣe lè jáde lọ bá àwọn ènìyàn. Èmi tí ẹnu mi mú ní ṣọ́ọ̀bù, bí mo bá dé iwájú ẹni tó jókòó sẹ́yìn tábìlì ní ọ́fíìsì, ahọ́n mi á lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ sí Abéré, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, láti bá àwọn òṣìṣẹ́ kan sọ̀rọ̀ nípa aṣọ ẹgbẹ́ wọn, mo sọ iye owó kí n tó kí wọn tán. Wọ́n ní àwọn máa pè mí. Wọn kò pè mí. Ní ìgbà kejì, ní ibòmíràn, mo mú aṣọ mẹ́ta péré dání, mo kí wọn, mo sì béèrè iye ènìyàn tí wọ́n jẹ́, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lò ó, àti bóyá wọ́n ní àwọn àgbàlagbà tí kò fẹ́ràn àwọ̀ tó tàn. Wọ́n rà á fún ènìyàn mẹ́tàlélógún. Orógbó wà nínú àpò mi lọ́jọ́ náà.

Ti fóònù kò gùn. Nígbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ọjà sórí WhatsApp, ẹ̀kọ́ tó wúlò jù níbẹ̀ sì ni pé aró kì í hàn lábẹ́ iná gílóòbù, ńṣe ló máa ń dúdú bí èédú. Ìbòòji lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ló dára jù. Nígbà tí owó bébà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, gbígba owó láti bánkì sí bánkì kò ṣàjèjì sí mi mọ́, mo sì rí ọjà tà ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ti ilẹ̀kùn.

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó ti di ìkọkànlá báyìí. Èmi ni mò ń kọ ọ́ fúnra mi. Ní oṣù tó kọjá, ènìyàn mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ló wọlé, àwọn mọ́kàndínlógójì ló rajà. Ọ̀kan nínú àwọn tí kò rajà jẹ́ ọkùnrin àgbàlagbà kan, tó dúró pẹ́ níwájú àdìrẹ kan tí bátànì rẹ̀ ń jẹ́ Olókun, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé irú aṣọ yìí ni ìyá òun máa ń... Mo ti ń bá a sọ iye owó kí ó tó parí gbólóhùn náà. Ó dákẹ́. Ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi, ẹ kú ọjà," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní abala ìdí tí kò fi rà, mo kọ ọ́ síbẹ̀: ẹnu mi.